Ọ̀rọ̀ Dutch Tí Olúdayọ̀ Kọ́ Mi

Ẹ jókòó ná, Aunty Martha, torí ẹ ò lè wọlé tọ̀ mí wá ní Kétu láàárọ̀ Sátidé kí ẹ máa bi mí pé kí ni mò ń wá lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Bartholomew l'Ówódé Onírin, kí n sì máa rẹ́rìn-ín sí yín. Èdè Dutch ni mò ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ẹ́ńjìnnì àlòkù. Olúdayọ̀ àbúrò yín ló sì lé mi débẹ̀.

Ṣebí ẹ mọ̀ pé ìjọba Holland ní mo gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò èdè kí n tó lọ bá Olúdayọ̀ ọkọ mi lọ́hùn-ún? Ó ní kí n má wulẹ̀ wá tíṣà, òun á máa fi fóònù kọ́ mi. Mo ní ẹ ṣeun, olówó orí mi. Ó ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ń pè ní "begraafplaats", iná mànàmáná ni "vuilnis". Mo kọ gbogbo ẹ̀ sára ògiri kíṣìnì, mo sì ń kà á lórí bí mo bá tò sórí ìlà níbi ẹ̀rọ omi.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n ní tí ara mi ò bá yá, ibo ni màá lọ? Mo na ọrùn: begraafplaats. Itẹ́ òkú ni, Aunty! Wọ́n ní kí ló ń mú fíríìjì ṣiṣẹ́, mo ní vuilnis. Pàǹtí! Bó bá jẹ́ iná àdúgbò wa ni wọ́n ń bi mí, wọn ì bá fún mi ní máàkì.

Mo fìdí rẹmi, mi ò sì mọ ohun tó gbé mi ṣubú, àfìgbà tí wọ́n júwe Bartholomew fún mi, tó lo ọdún méjìlá ní Holland. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di gíábọ́ọ̀sì mú. Ìgbà tó yá, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tó kọ́ ẹ báyìí ò fẹ́ kó o dé."

Ẹ ní àwàdà ni? Ohun tí Olúdayọ̀ náà sọ nìyẹn nígbà tí mo bi í. Àwàdà oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ogójì, ẹyọ kan ò tọ̀nà níbẹ̀. Èmi lẹ wá ń ṣọ́. Ìyàwó Bartholomew ló máa ń jókòó tì wá tó ń bá mi ka ìwé, ẹ lọ bi í.

Mo ti tún ìdánwò náà ṣe, mo sì yege. Físà mi dé ní Túsìdeè.

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Aunty. Ẹ má pè é. Èmi fúnra mi ni màá kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹni yòówù tó bá sì ṣí i, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, Dutch ni màá fi kí i.