Bí Mo Ṣe Fi Bíírò Pupa Ba Iṣẹ́ Ìyá Yín Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tí ì gbé ìwé ìrántí ìyá yín lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Mo ka ohun tí ẹ kọ sójú ewé kejì: "Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìfẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìdajì rẹ̀, èmi ni mo sì pa irọ́ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti gbé e sínú.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan náà la ti jọ ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìdí maṣíìnì kẹrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ìyá yín wà. Èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú aṣọ àti òwú. Nítorí pé mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, Alákọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Ìyá yín náà a máa pè mí bẹ́ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín: "Alákọ̀wé mi, ẹ bá mi ka ohun tó wà lára ike oògùn yìí." Inú mi a máa dùn. Mo fẹ́ràn kó máa bi mí.

Nígbà tí ọ̀gá àwọn aránṣọ fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ẹni tó bá yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bọ́ sípò rẹ̀. Ìyá yín forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi ń kọ gbólóhùn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ ohun tí èèyàn lè ṣe, àti èyí tó lè ṣe nígbà kan rí, ó kọ mẹ́wàá, ó gbé e wá bá mi nídìí tábìlì. "I can make a coat in one day." "When I was six, I could carry my brother on my back." Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó ń bá wa gé aṣọ ti pariwo mọ́ mi pé, "Alákọ̀wé! Ìyàwó ẹ ló máa máa buwọ́ lùwé ẹ o! Tẹ́ ẹ bá jà nílé, ta ló máa gbà ẹ́ níbi iṣẹ́?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ni mo bá mú bíírò pupa, mo fagi lé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ìyá yín wo ìwé náà títí. "Èyí tí mo fi àbúrò mi kọ náà ò dáa?"

Mo ní, "Kò dáa. Ṣé òwú ni Gẹ̀ẹ́sì tó o kàn ń fà á?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì náà ń yìn ín, ṣùgbọ́n ìyá yín a ní, "Àánú mi ló ń ṣe olùkọ́ yẹn. Alákọ̀wé mi ò lè purọ́ fún mi." Mo gbọ́ ìyẹn, mi ò sì ju bíírò náà nù. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Nígbà tí ìyá yín kò lọ sí kíláàsì mọ́, olùkọ́ náà wá bá mi níbi iṣẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó ìyàwó yín." Mo ní ara rẹ̀ ni kò yá. Mo délé, mo wá sọ fún ìyá yín pé olùkọ́ rẹ̀ ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, orí rẹ̀ ò gba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sunkún. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sòótọ́ fún mi. Ẹlòmíì á ti fi mí ṣẹlẹ́yà." Ó wá bu oúnjẹ mi.

Kò lọ ṣe ìdánwò náà, láti ọjọ́ náà kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì yanu mọ́. Ẹ̀yin pàápàá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń bá yín rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń ṣàìsàn, mo fẹ́ sọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n lọ sinmi, ojú mi ti rẹ̀. Mo lọ sinmi. Ojo ni mí.

Mo fẹ́ràn ìyá yín. Ìyẹn kò dá mi láre. Ìfẹ́ náà ló jẹ́ kó gba irọ́ mi gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, tẹ́ ẹ ti láya, bí ẹnì kejì yín bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ. Ní tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́kọ́ bínú, ó tọ́ sí mi. Kìkì pé kẹ́ ẹ wá bínú náà níhìn-ín, lójú mi. Ilé yìí ti dákẹ́ jù.