Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Múfú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin àgbàlagbà kan tí mo ṣẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, n kò sì lè sùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè.

Èmi àti ọmọ rẹ̀, Múfú, la jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nítòsí Ifọ̀. Ààyè kan náà la jọ ń dù nínú bọ́ọ̀lù, iwájú lápá ọ̀tún. Òun ló ń wọlé, èmi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo jowú rẹ̀ débi pé tó bá ṣubú, inú mi á dùn. Lọ́jọ́ kan, baba mi wá wò wá, ni baba tó bí mi lọ́mọ bá ń pariwo, "Múfú! Múfú!" N kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́dún náà, kànga kọ́lẹ́ẹ̀jì gbẹ. Wọ́n ní ká máa lọ sílé kí sáà tó parí, wọ́n sì fagi lé gbogbo bọ́ọ̀lù tó kù, àfi ẹyọ kan tí a máa gbá ní Ifọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Èkó wá wò ó, kó sì mú agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n máa fún níṣẹ́. Olùkọ́ wa ní kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ fún Múfú nílé wọn ní Ibogun.

Mo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo lọ lóòótọ́. Múfú wà lóko, ìyá rẹ̀ ló gbà mí lálejò. Ó bu ìrẹsì Ọ̀fàdà fún mi, ó sì bu ẹran lé e.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ṣé iṣẹ́ kan wà tí n ó bá ọ jẹ́ fún un?"

Mo ní, "Rárá, mà. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni."

Èmi ni mo wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbá góòlù kan. Síbẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wí pé Múfú ì bá gbá mẹ́ta. Inú bí mi títí mo fi délé, bẹ́ẹ̀ èmi ni ọ̀gá Èkó mú.

Ká ní bọ́ọ̀lù ọdún náà pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, Múfú ì bá rí òmíràn gbá, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì tán síbẹ̀. Kò sí òmíràn.

Nígbà tí Múfú gbọ́, tó sì bi mí ìdí tí n kò fi wá sọ fún òun, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mo sọ fún ìyá ẹ. Ṣé wọn ò jíṣẹ́ ni?"

Ìyá rẹ̀ fi Àlùkùráánì búra. Múfú ò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, ara ìyá náà kò yá. Iṣẹ́ tó rán sí mi ni pé kí n wá bá òun rántí, torí òun ti ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni mo sọ ọ́, tí òun gbàgbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni mo ṣe máa wọ ilé yẹn? Tó bá sì tún bu ìrẹsì fún mi ńkọ́?