Ọmọlanke Etí Òkun

Ní ìsọ̀ káfíńtà kan l'Ọ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ń dúró de àga mi, obìnrin kan tó wọ sùtánà funfun, tí kò wọ bàtà, ń yí ọmọlanke tí wọ́n ń kàn fún un po.

"Bọ̀dá, àárọ̀ ọ̀la nìjọ wa ń lọ gbàdúrà létí òkun o! Ẹ ò tíì de táyà!"

"Ẹ rọra, Ìyá Àdúrà. Táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ mú wá ti tín-ín-rín jù, iyanrìn á gbé e mì. Ti bárò ni mo fẹ́ lò."

"Ẹ ṣáà ṣe é. Ẹ tún kan pákó gíga sẹ́yìn rẹ̀."

"Ṣebí kẹ́ẹ̀gì omi àti àbẹ́là lẹ ní ẹ fẹ́ kó?"

"Ẹrù ni."

"Ẹrù wo ló ń fẹ̀yìn ti pákó?"

Ìgbà yẹn ló tó dúró. "Ìyá mi ni. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn á fẹsẹ̀ kan òkun, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ táwọn pọ̀n ò ní pọ̀n àwọn lójú ìjọ. Tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn la ṣe é fún, wọn ò ní gùn ún."

Káfíńtà mú òòlù.

"Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì síwájú. Kẹ́ ẹ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gòkè bá yín dì í mú, kó má baà ṣubú."