Àdírẹ́sì Tí Mo Fi Lé Ọmọlará Kúrò Níṣẹ́

Lọ́la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò sì mọ̀ bóyá màá jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: Ọmọlará ò ṣe nǹkan kan. Èmi Oyèníran ni.

Lọ́dún tó kọjá, 1998, la so kọ̀ǹpútà mẹ́jọ pọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Yaba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà. Àwọn kúkúrú àtijọ́ ni mo mọ̀. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ìbíkúnlé, ní irú tuntun ni ká lò, èyí tó gùn gbọọrọ tí lẹ́tà wà nínú ẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Irọ́ ni, mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì níbẹ̀. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti béèrè. Ọmọlará tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ló mọ̀ ọ́n. Ó kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí ìwé kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀, kí n má lọ ṣe mìsìtéèkì.” Ọ̀gá wò wá, ó ní, “Ọmọ yìí mà mọṣẹ́ o. Òun ni màá fi ṣe olórí.” Ó dùn mí wọ egungun.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo fún kọ̀ǹpútà mi ní àdírẹ́sì tí Ọmọlará kọ fún ti ọ̀gá, mo sì tan tèmi sílẹ̀. Ìka mi yìí náà ni. Ọ̀gá tan tirẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, kọ̀ǹpútà náà kọ̀ jálẹ̀: àdírẹ́sì náà ti ní ẹni tó ń lò ó.

“Ta ló pín àdírẹ́sì?”

“Ọmọlará ni, sà. Ó jọ pé ó fún méjì ní ẹyọ kan.”

Ìwé rẹ̀ wà lápò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ yẹ̀ ẹ́ wò!” Mo ní mi ò rántí ìwé kankan. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lánàá ó gbé ọsàn wá kí mi ní ọsibítù. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tọ̀ ló wà báyìí. Ó ní, “Mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò fọkàn tán ara mi mọ́.” Mo jẹ ọsàn rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, “mi ò mọ̀” ò pa ẹnikẹ́ni rí. Àmúdàtù ìyàwó mi, ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí mo jáde, bí mi ò jáde, gbé e fún Ọmọlará. Ọmọlará, dárí jì mí. Wo ohun tó o fọwọ́ ara ẹ kọ: mẹ́jọ ni, kò sí méjì tó jọra.