Irọ́ tí mo jí nínú ìwé kẹta

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, òfófó wà lẹ́nu mi lónìí, àmọ́ kì í ṣe tẹlòmíì. Òfófó ara mi gan-an ni mo fẹ́ ṣe. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Bímbọ́lá ni mo ń jẹ́, mo ń ránṣọ ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Ọdún méjì péré ni mo lò ní girama, ẹ bá mi fara mọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Oǹdó la ti dàgbà. Ògiri kan ló wà láàrin ilé wa àti ilé Leah. Tíṣà ni bàbá ẹ̀, òun ló ra àwọn ìwé ìtàn kan fún un, mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, Ìlú Orí Ìkùukùu lorúkọ wọn. Èmi ò lè kàwé dáadáa nígbà yẹn. Leah ló máa ń kà á sí mi létí ní ẹ̀yìnkùlé wọn, á yí òyìnbó ẹ̀ sí Yorùbá, á máa ṣe ohùn gbogbo wọn, ti ọba, ti ewúrẹ́, ti ìyá arúgbó. Tó bá wá débi tó dùn, á pa ìwé dé, á ní, “Bímbọ́, kí lo rò pé ó kàn?” Èmi tí wọ́n ń pè ní olódo ní kíláàsì o. Ẹnìkan ń bi mí pé kí ni mo rò.

Nígbà tó ku ìwé kẹfà, ìyá mi rán mi lọ lo họlidé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìgbàrà-Òkè. Leah ṣèlérí pé òun máa dúró dè mí. Kí n tó dé, òun àti Goodness, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, ti kà á tán. Goodness ló wá ń sọ ìparí ẹ̀ fún mi lójú títì, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, àmọ́ inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe inú ọmọdé.

A máa ń lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé nígbà yẹn, Sister Bísọ́dún ló ń darí ẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n ń sọ káàkiri pé bisikíìtì ni wọ́n fi ń gba àwọn ọmọ sẹ́gbẹ́ àjẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ wá rọ́ àlá tó lá. Wọn kì í ka àlá tèmi sí, torí kì í ju pé mo ń jẹ ẹ̀wà lọ. Lọ́jọ́ yẹn mo dúró káwọn yòókù lọ tán, mo tọ Sister Bísọ́dún lọ. Mo ní mo rí Leah lójú àlá, ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó gorí òrùlé, ó sì fò. Mo ní ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, “Máa bọ̀, ó ku ẹni méje.” Sister Bísọ́dún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kankan mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, òun fúnra ẹ̀ ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní Ọlọ́run fi han òun pé àjẹ́ ni Leah.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi Leah sínú ààwẹ̀ gbígbẹ. Ọjọ́ kìíní, ó ní òun kì í ṣe àjẹ́. Ọjọ́ kejì, ó ní òun kì í ṣe àjẹ́. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n mú pankẹ́rẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dáná sun ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ojú ti bàbá ẹ̀, ó kó o lọ sí Ìjàrẹ́ lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé nígbà tí mọ́tò ń lọ. Leah juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ sí i, èmi ọ̀dájú yìí.

Bí ọdún ṣe ń lọ, mo ń sọ fún ara mi pé mo lá àlá yẹn lóòótọ́. Ó wá dá mi lójú, ẹ gbọ́, mo lè búra. Mi ò sì tún ní ọ̀rẹ́ kankan mọ́ lẹ́yìn Leah.

Ọdún tó kọjá, ẹ ṣáà mọ bí ìlú ṣe le. Ẹni tó ń rán aṣọ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi wá di ẹni tó ń mú síìpù wá tún ṣe. Mo máa ń dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀, màá fohùn ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí fóònù títí, àwòrán àtàǹpàkò kan ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Nínú ọjà ibẹ̀ ni mo ti rí irú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù. Ayọ̀ mi ò kéré. Lọ́sàn-án, tí ọjà bá dákẹ́, màá máa kà á, mo ti wá mọ̀ ọ́n kà díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì màá pa á dé, màá ní, “Bímbọ́, kí lo rò pé ó kàn?” Èmi náà ni màá tún ṣí i. Ìgbà tí mo dé àárín ìwé kẹta ni mo rí i. Ọmọ inú ìwé bọ́ bàtà ẹ̀. Ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. Ó gorí òrùlé, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú, ó ní ó ku ẹni méje. Mi ò lá àlá yẹn rí. Ìwé tí Leah fẹnu ara ẹ̀ kà fún mi ni mo fi pa á.

Ẹ lè ní ọmọdé ni mí, wọ́n á dárí jì mí. Ẹ dúró ná. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà yẹn ni ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò mú aṣọ lọ́wọ́. Ará Ìkàrẹ́ ni wọ́n. Akíntóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, fẹ́ fi Leah ṣaya, àwọn ni ẹbí sì rán níṣẹ́ ìwádìí kí wọ́n tó lọ mọ ilé ìyàwó. Wọ́n ti dé Oǹdó, gbogbo ẹni tí wọ́n bi ló sọ pé àjẹ́ tó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ni. Wọ́n ní ẹnìkan júwe mi pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mí. Wọ́n wá rọra sọ ọ́ pé, “Ọmọ mi, ọmọ náà wù wá. Ọ̀rọ̀ kan péré la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ tá a fi máa mú un. Ṣé òótọ́ ni?”

Ìwé kẹta wà lórí máṣíìnì, mo fi aṣọ bò ó. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mo ní, “Mà, mi ò lè sọ nǹkan kan sí i.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá wá wádìí ọmọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó ní òun ò lè sọ nǹkan kan, ó ti sọ ọ́ tán. Ìyá yẹn mí kanlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Leah wá nọ́ńbà mi rí, ó pè mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mọ́tò gbé e lọ. Ó ní Akíntóyè ti padà lẹ́yìn òun. Ó ní gbogbo ayé ló ba òun jẹ́, àfi èmi. “Wọ́n ní ìwọ nìkan ni o ò sọ nǹkan kan. Mo dúpẹ́, Bímbọ́.” Mo ní kò tọ́pẹ́. Ẹ gbọ́, mo gba ọpẹ́ o.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mú ìwé kẹta, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjàrẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, ti ọmọdé àti ti ṣọ́ọ̀bù. Leah gba ìwé, ó ka ojú ewé yẹn, kò gbóhùn sókè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó ní, “Mo rò pé mo máa ń fò lóòótọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi ìborùn so ẹsẹ̀ mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó sùn, kí n má baà lọ ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.”

Ó ní kí n fi ìwé sílẹ̀, kí n máa lọ.

Mo ti pe ìyá Ìkàrẹ́ yẹn, mo ti jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ní Oǹdó tí mo ti bà á jẹ́ ni kí n ti lọ tún un ṣe, lójú gbogbo èèyàn, kì í ṣe létí àwọn nìkan. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, kódà kí Sister Bísọ́dún fi mí bú. Leah, tí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má rọ́ àlá tẹ́ ò lá nítorí pé inú ń bí yín sí ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá yẹn jókòó tì ní ṣọ́ọ̀bù, kí lẹ ò bá sọ? Tó bá sì wá jẹ́ ẹ̀yin ni Leah, tẹ́ ẹ rí i pé èmi ni mò ń pè, ṣé ẹ máa gbé e? Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀.