Kókó Tí Mo Pè Ní Rírọ̀

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn kí ẹ jókòó, ìyàwó wa, ìwọ àti ọmọ rẹ. Èémí tó kù nínú mi kò pọ̀ mọ́, bí mo bá sì gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á pọ̀ mí. Àìsàn nìkan kọ́ ló pa ọkọ rẹ. Mo bá a lọ́wọ́ sí i.

Ẹ̀rín-ò-tán la máa ń pè é nílé ìwòsàn. Ọjọ́ kan náà la wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, yàrá kan náà la sùn, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ń sáré lọ, òun á ti jókòó síbẹ̀ kí n tó dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ọ̀gá fún ẹ̀ka tí a ti ń ya àwòrán inú ara, èmi ni mo mọ ẹ̀rọ sìkáànì tuntun ibẹ̀ lò jù, òun ni wọ́n yàn. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ń hó bí ọṣẹ. Ìkà ni mí, mi ò ní wá orúkọ mìíràn tó tutù fún un.

Ikọ́ ló gbé e wá sábẹ́ ọwọ́ mi. Àwòrán àyà rẹ̀ ti fi kókó kan hàn létí ẹ̀dọ̀fóró, lábẹ́ egungun ìhà gan-an, níbi tí sìkáànì lè dé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dùbúlẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo gbà kó yẹ̀ mí wò." Ọmọ mi, ìwọ mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn, kí ìyá rẹ náà gbọ́. Ohun tó bá rọ̀ nínú ara á pọ́n lójú ẹ̀rọ náà, ohun tó bá le á di búlúù. Kókó tí kò léwu sábà máa ń rọ̀. Jẹjẹrẹ a máa le. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti le, a kì í fi falẹ̀, abẹ́rẹ́ la fi ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo gbé orí ẹ̀rọ lé e. Búlúù bo kókó náà látòkè délẹ̀. Ó le bí èkùrọ́. Ìdùnnú kan là mí nínú kọjá, Ọlọ́run ń gbọ́. "Kí lo rí?" ló bi mí. Mo ní, "Òtútù àyà tó ń jinná ni. Ó rọ̀ bí búrẹ́dì. Lọ máa mu oògùn ikọ́." Ó ní, "Wàá pẹ́ fún wa." Mo ṣe àmín.

Nígbà tó yá, ó rù, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ikọ́ rẹ̀ jáde. Ìyàwó wa, ìwọ lo ní kó lọ gba abẹ́rẹ́ náà nílé ìwòsàn mìíràn. Ó wá sọ fún mi kó tó lọ. Ibẹ̀ ni mo ti lè yí padà. Bóyá wọn ì bá ṣì rí i gé. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Jẹ́ ká tún un wò, kí ojú ìwọ fúnra rẹ rí i." Mo yẹ orí ẹ̀rọ kúrò lórí kókó náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran ẹ̀dọ̀fóró tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo yí ojú ẹ̀rọ sí i. Pupa ló rí. Omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi mú, jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń pa àyà fún ẹ̀rọ àti gbogbo ẹ̀, ó ní, "Àbí o ò rí ìyàwó mi, tó ń sunkún mi nígbà tí mi ò tí ì kú!" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò lọ mọ́.

Kí àṣírí àìsàn náà tó tú, ó ti ràn dé ọpọlọ rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí ibùsùn. Ó rọra ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi. Ẹ̀rọ ló ṣì wá lọ́nà. Mo ti kìlọ̀ fún wọn nílé pé kẹ́nikẹ́ni má fẹ̀sùn kàn ọ́." Mo ní, "O ṣeun." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Wọn ò tí ì sin ín tí mo ti ń wọn fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ fún kọ́tìnnì tuntun.

Ọdún gorí ọdún, ìwọ ìyàwó wa lo fa ọmọ yìí lé mi lọ́wọ́. O ní, "Ẹ kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀ fọkàn tán jù." Mo kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Nígbà tí ikọ́ tèmi kò lọ, òun ni mo ní kó yẹ̀ mí wò. Ọmọ mi, mo rí i tí ọwọ́ rẹ dúró gbagidi. O lè parọ́ láti tù mí nínú. Ṣùgbọ́n o nu ojú rẹ, o ní, "Bàbá, ó le. Ẹ jẹ́ ká gba abẹ́rẹ́ náà lónìí." Òtítọ́ tí mo fi du bàbá rẹ, kíákíá lo sọ ọ́ fún mi.

Bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí pé bí ìlara bá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n padà sílé. Ọmọ mi, ìyàwó wa, mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Ẹ má kàn ṣàánú mi kí ẹ parọ́ fún mi pé ẹ ti ṣe é.