Bí Ọlọ́run Ṣe Dá Àwọn Kẹ́hìndé Padà Sínú Ìwé Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tó mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní orúkọ ló ni ọpẹ́ mi lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, ó ku díẹ̀ kí n fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé kò sí Kẹ́hìndé kankan nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Igbó-Ọrà. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ní ìlú wa yìí o!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Dúró, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀. Kí n tó padà wálé, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ṣe n'Ìbàdàn títí irun mi fi funfun. Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi níwà kan: ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó bá wá, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ọdún kejì rèé tí a ń ná náírà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ́fíìsì kọ́párétíìfù ní Èrúwà kéde pé ìjọba yóò fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn àgbàdo àti ajílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò ní gba ìwé tí a fọwọ́ kọ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni kó tẹ orúkọ wa jáde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ yóò dúró di òjò ọdún mìíràn. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wá ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe é. Ẹ̀rọ nìkan kò tó. A ní láti rí àwọn tí yóò kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé: gba èyí wọlé, yọ tọ̀hún kúrò. Ẹ̀rọ kò ní làákàyè ti ara rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló wá. Ọ̀gbẹ́ni Ládélé ló ṣojú ti Èkó. Pijó funfun ló gbé wá, ó wọ kóòtù nínú oòrùn wa yìí, ó sì pín kàléńdà fún gbogbo wa. Alága ẹgbẹ́ gbé tirẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi Ládélé pé, "Ẹgbẹ́ wo lẹ ti bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kí n lè lọ bi wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àṣírí oníbàárà wa nìyẹn."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Obìnrin kan ló wá láti Ìbàdàn, Omidan Àjàyí. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Kò mú kàléńdà wá. Ìbéèrè ló mú wá. "Agboolé mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́? Báwo lẹ ṣe ń mọ ọdún tí wọ́n bí àgbàlagbà? Ṣé ìbejì wà láàrin yín?" Ara fu mí. Màmá Rónkẹ́, aṣáájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́, sọ sí mi létí láti ẹ̀yìn: "Akọ̀wé, ẹni owó-orí lèyí o! Kí ló kàn án nínú bí a ṣe bí wa?" Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa rí lórí owó-orí lágbègbè yìí. Mo sọ fún Omidan pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ó ní, "Bàbá, bí n kò bá béèrè, àìmọ̀ mi lẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́."

N kò gbà á gbọ́. Mo fura sí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mo fura sí i jù.

Alága ní ti Èkó la ó mú. A kó ìwé orúkọ wa fún Ládélé pé kó fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tó padà dé, ńṣe ló ń lu àyà. "Bàbá Alága, ẹ̀rọ wa ti bá yín mú olè! Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ti gé wọn kúrò."

Alága pàtẹ́wọ́. "Mo wí! Mo mọ̀ pé wọ́n ń jà wá lólè!" Ó wá yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ta ló ń kọ orúkọ sílẹ̀?"

Yéè! Èmi ni mo ń kọ ọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ariwo ti gba ìlú pé akọ̀wé ń fi orúkọ òfìfo gba ajílẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé Ládélé, mo ti gbà pé òótọ́ ni. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, wọn á ní olè ló ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ìyàwó mi ò lè lọ pọnmi mọ́ kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ sí i.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ọjọ́rú, mo wá bá Pásítọ̀ níbí, mo sì ka gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí mo ń fura sí fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Bàbá Dúró, ẹ gbàdúrà fún wọn ní orúkọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ìwé Ládélé, tí orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ kò gé kúrò wà nínú rẹ̀, ló wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. "Olúwa, rántí Táíwò ará Agboolé Ọdẹ." Ẹnu ọmọ Igbó-Ọrà kì í pe Táíwò kó dákẹ́, ẹnu mi ti ń lọ sí Kẹ́hìndé, ojú mi kò sì rí i. Mo kọjá sí agboolé kejì. Táíwò wà, Kẹ́hìndé kò sí. Ẹ̀kẹta, bákan náà. N kò rántí ṣe àmín! Mo dìde, mo ń fi ìka tọ ìwé náà títí dé ìsàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a bá ṣe fún Táíwò la ń ṣe fún Kẹ́hìndé, méjì méjì ni àwọn ìbejì wọ̀nyí sì jùmọ̀ wọ ẹgbẹ́, Táíwò ni mo sì ń kọ ṣáájú. Àwọn Kẹ́hìndé ni "olè" tí ẹ̀rọ mú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá kọ́párétíìfù wá láti Èrúwà láti ṣe ẹlẹ́rìí ìfọwọ́sí. Mo gbé kálàmù sílẹ̀, mo bi Ládélé léèrè àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ.

Ó ní, "Ó rọrùn. Ẹni méjì tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, agboolé kan, ọdún ìbí kan, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó fẹ́ gba ìlọ́po méjì ni, ẹ̀rọ á sì yọ orúkọ kejì kúrò."

Màmá Rónkẹ́ dìde, ó so gèlè rẹ̀ le. "Ọ̀gbẹ́ni, Kẹ́hìndé lèmi. Èmi ni mo rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò wá. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn, mo sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ yín wá ní n kò tíì dé?"

Táíwò rẹ̀ pariwo láti ìdí ògiri: "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa wá roko fún mi!"

"Dákẹ́ jàre, ìwọ tí mo rán níṣẹ́!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Ládélé ń nu òógùn. "Ìbejì? Ìlú wo nìbejì ti pọ̀ tó báyìí?"

Gbogbo ilé dáhùn pọ̀: "Ìlú tí ẹ wà yìí ni!"

Alága dì mọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kí n má bínú. Ògo ni fún Jésù! Wọn kò pè mí lólè mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ẹnì kan béèrè nípa ìbejì lójú mi, èmi ni mo sì pa á lẹ́nu mọ́. Ní Àbámẹ́ta, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bẹ Omidan Àjàyí n'Ìbàdàn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fa ìwé yọ. "Ó dáa, Bàbá. Àwọn ọmọ orogún tí wọ́n bí lọ́dún kan náà ńkọ́?"

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ọ̀gá kọ́párétíìfù ti dá ìfọwọ́sí dúró. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ ìwé orúkọ tuntun wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, a ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù wá wo orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, wọn yóò kà á sí i létí. Títí a ó fi rí ẹni ìkẹyìn nínú wa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan.